Àgbọ̀n Mi Ló Ń Dún, Kì Í Ṣe Bísíkíìtì

Alága wa, Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ jókòó níwájú, tẹ́ ẹ ti ń wo ẹnu ọ̀nà ibi tí oúnjẹ máa gbà jáde, mo kí yín. Fóómàn, mo kí ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ń kó ẹrù lọ, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń ká páálí ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí tèmi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí oúnjẹ, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún kí yín pa pọ̀. Dókítà tó la àgbọ̀n mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn kan wà láàárín èmi àti ìyàwó mi tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Bó bá fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan ti wà lórí àgbọ̀n tèmi, bóyá itọ́ ni, bóyá tíì ni, kí n yáa nù ún. Láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ètè ìsàlẹ̀ mi àti àgbọ̀n mi ti kú típiri, wọn ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ mọ̀. Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí i tí mo dá ọ̀rọ̀ dúró tí mo fa aṣọ ìnujú yọ, ẹ má rò pé ẹkún ni. Ẹkún ń bọ̀ o, àsìkò rẹ̀ ni ò tíì tó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìró tí ẹ ń gbọ́ nínú makirofóònù yìí, kàù, kàù, kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Oníná, jọ̀ọ́, fi wáyà yẹn sílẹ̀, má tú u. Oríkèé àgbọ̀n mi ni. Ó wà níbí, níwájú etí. Bí mo bá la ẹnu, á dún. Bí mo bá pa á dé, á tún dún. Ẹ máa bá mi fara dà á.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí n fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti pa ẹnu mọ́ fún oṣù mẹ́rìnlá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè tó o. Ẹ fara balẹ̀, oúnjẹ kò ní sá lọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń jẹun nílé iṣẹ́ yìí, mi ò sì yó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin àlejò, ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi nìyẹn. Atọ́wò ni mí. Bí bísíkíìtì bá ti jáde látinú ààrò, kó tó wọ páálí, wọ́n á gbé mẹ́ta wá sínú yàrá mi: ọ̀kan láti etí àwo, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Màá ti ilẹ̀kùn, màá di ojú, màá gé e jẹ, màá sì tu ú sínú abọ́. Kì í ṣe adùn ni mò ń wá. Adùn bísíkíìtì, ọmọ ọdún mẹ́ta náà mọ̀ ọ́n. Ìró ni mò ń wá. Bísíkíìtì tó yan dáadáa, bí eyín bá kàn án, á ní kàù! lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Èyí tí kò yan á ní pọ̀fù, bí ìgbà tí alára ńlá jókòó lórí ìrọ̀rí. Bó bá ní kàù, màá tẹ òǹtẹ̀ búlúù sórí ìwé, ó di ọjà. Bó bá ní pọ̀fù, òǹtẹ̀ pupa ni, mẹkáníìkì á sì wá yẹ ààrò wò lójú ẹsẹ̀. Láìsí òǹtẹ̀ pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ààrò, àfi bí ààrò bá fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin ilé iṣẹ́ wa nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní Eyín-Òṣùwọ̀n. Orúkọ náà wọ̀ mí lára, kí n má purọ́. Bí mo bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo gbọ́ tí ẹnìkan wí pé "Eyín-Òṣùwọ̀n ló ń lọ yẹn," ńṣe ni orí mi máa ń wú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá olómi gbígbóná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún mi láràárọ̀ kí n fi ṣan ẹnu, tí ẹ kò pẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po ìyẹ̀fun, ẹ ń kọrin lójoojúmọ́, orin yín kò dáa, àmọ́ ó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Fóómàn, a ti jà, a ti parí ìjà, a óò tún jà lónìí kí n tó sọ̀kalẹ̀ níbí.

Ó wá ku ẹnìkan. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó ká apá, tí kò tíì pàtẹ́wọ́ látàárọ̀. Ẹ má yíjú wò ó! Ẹ tún ti yíjú. Ìyá Ààrò là ń pè é tẹ́lẹ̀, torí ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣọ́ ààrò ilé iṣẹ́ yìí. Lónìí, yàrá ẹ̀yìn ló wà, tó ń ká páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín létí: wọ́n ní ó ń tan ilé iṣẹ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síbí lónìí, tirẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, mo sì mọ ẹni tó bà á jẹ́. Bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde lónìí láìsọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó lè bá a tún un ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi, oṣù mẹ́rìnlá péré ló ti lọ, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àgbọ̀n. Wọ́n bí mi pẹ̀lú àgbọ̀n tó máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Bí mo bá fẹ́ yọ ní kọ̀rọ̀ ilé, àgbọ̀n mi á ti kí ẹni tó wà lódìkejì, kó tó kan èmi. Eyín iwájú mi, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọn ò pàdé ara wọn rí láyé. Eyín ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ó sì tó mi. Ta ló wá bá mi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀? Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ ya fọ́tò mi sára páálí bísíkíìtì, kí àwọn oníbàárà mọ ẹni tó ń tọ́ ọ wò fún wọn. Inú mi dùn, mo gé irun, mo wọ ẹ̀wù funfun. Ayafọ́tò dojú ẹ̀rọ kọ mí, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn díẹ̀, kò gba inú fọ́tò." Mo ní níbo ni kí n fà á sí?

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo délé, mo ní mo ń lọ ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o. Ṣé èmi ni mo sọ pé àgbọ̀n yín ń dí mi lójú?" Ìyá Ààrò náà sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Ẹ fi àgbọ̀n yín sílẹ̀, jàre. Òun ló mọ ohùn ààrò mi." Obìnrin méjì tó lóye, mi ò gbọ́ ti ọ̀kankan. Mo ti rí ojú mi lára páálí, ọ̀rọ̀ ti tán.

Dókítà yìí kò jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú burúkú wò ó. Ó mú ìwé jáde, ó kà á fún mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní iṣan kan wà tó gba inú egungun àgbọ̀n kọjá, òun ló ń mú ìròyìn ètè lọ sí ọpọlọ, ó sì lè fara gbọgbẹ́ nígbà tí àwọn bá ń gé egungun. Ó ní ètè lè kú. Ó lè jí padà, ó sì lè má jí. Ó ní oríkèé lè máa dún, ó lè máa ro mí, ó tiẹ̀ lè há lọ́jọ́ kan. Ó wá wò mí lójú, ó ní ṣé mo ní ìbéèrè. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà. Ọjọ́ wo ni mo lè ya fọ́tò?"

Wọ́n fi ayùn gé egungun àgbọ̀n mi lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń fi sítíróò mu oúnjẹ, èmi tó jẹ́ pé eyín mi ló ń bọ́ mi. Nígbà tí wíwú lọ sílẹ̀, mo wo dígí: àgbọ̀n ti wà níbi tí àgbọ̀n àwọn èèyàn ń wà. Àmọ́ mo fọwọ́ kàn án, àfi bíi pé àgbọ̀n ẹlòmíràn ni mo fọwọ́ kàn. Iṣan náà ti ń hù padà díẹ̀díẹ̀ báyìí o, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Bí mo bá fá irùngbọ̀n lápá òsì, apá ọ̀tún lá máa yún mi. Nígbà míì, mo kàn jókòó jẹ́jẹ́, á ta mí ṣìnìn bíi pé mo fẹnu kan wáyà iná, màá fò dìde láàárín àwọn èèyàn. Àwọn ẹbí ń ṣìpẹ̀ fún mi, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní ẹ ṣé, àmọ́ ọba yẹn kì í fi ààfin rẹ̀ jẹun.

Fọ́tò náà? A yà á. Ẹ̀érún bísíkíìtì kan tó tó èékánná wà lórí àgbọ̀n mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀, ojú ń ti àwọn tó kù láti sọ fún mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì páálí ni wọ́n tẹ̀ jáde tẹ̀érún-tẹ̀érún. Ọ̀gá Àgbà ní kò burú, pé ó fi hàn pé mò ń jẹ ọjà wa lóòótọ́. Ẹ lọ wo páálí tó wà lórí tábìlì yín, ó wà níbẹ̀, lápá òsì.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwo àkọ́kọ́ dé, mo ti ilẹ̀kùn, mo di ojú, mo gé e jẹ. Kàù! Àwo kejì, kàù! Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Mi ò gbọ́ ìró tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní iṣẹ́ abẹ yìí ti tún etí mi ṣe.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìdérí òkè ààrò, èyí tí ooru omi máa ń gbà jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ooru omi ń pa mọ́ inú ààrò, bísíkíìtì ń rọ̀. Ta ló kọ́kọ́ fura? Ìyá Ààrò ni. Ó gbé àwo wá fúnra rẹ̀, ó ní, "Eyín-Òṣùwọ̀n, ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò dáadáa. Àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó dà bíi pé nǹkan ń ṣe ààrò." Mo gé e jẹ lójú rẹ̀. Kàù! Mo ní, "Ó yan! Ó yan gan-an!" Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní, "Àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?" Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ojú líle. Ó ní ẹ má bínú. Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ òǹtẹ̀ búlúù. Òǹtẹ̀ pupa kan ṣoṣo ló nílò, mẹkáníìkì ì bá tún ìdérí yẹn ṣe kí wákàtí méjì tó pé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mi ò fi tẹ̀ ẹ́.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Olùkọ́ àgbà kan fi bísíkíìtì wa wé ìka bí òrùka, kò ṣẹ́, ó fi í ránṣẹ́ sí wa bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ìyá àgbà kan kọ̀wé pé òun fi méjì há abẹ́ tábìlì òun tó ń mì, tábìlì sì ti dúró, òun dúpẹ́ púpọ̀, àmọ́ kí làwọn ọmọ òun máa jẹ? Àwọn ọ̀gá jókòó, wọ́n rò ó. Wọ́n ní ìwé Eyín-Òṣùwọ̀n nìyí, búlúù ni látòkè délẹ̀. Eyín-Òṣùwọ̀n kì í ṣàṣìṣe. Nígbà tí kì í ṣàṣìṣe, a jẹ́ pé Ìyá Ààrò ló ń ṣa èyí tó dáa fún un, tó ń kó èyí tó rọ̀ sínú páálí. Ẹ wo irú ọgbọ́n burúkú yẹn! Wọ́n wá pe ìpàdé.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo jókòó nílé, ìyàwó mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, tó fẹ́ máa yọ́ lọ́wọ́. Mo gé e jẹ.

Kàù!

Mo dúró. Ìyàwó mi wò mí. Mo tún gé e jẹ. Kàù! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dún! Mo bu omi mu, mo fi ẹnu jẹ omi lásán. Kàù! Mo fi ọwọ́ kan iwájú etí mi, mo rí i pé egungun ń fò lábẹ́ ìka mi. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, èmi ni. Èmi ni gbogbo rẹ̀." Ó ní, "Ẹ yáa tètè lọ sọ ọ́." Mo sáré jáde, mo wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Yàrá ìpàdé ti kún. Ìyá Ààrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin lẹ bi mí, ẹ ní, "Eyín-Òṣùwọ̀n, ṣé bísíkíìtì tó rọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín rí láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yìí?" Mo dìde. Mo fa èémí sínú. Mo ní lónìí, màá la ẹnu mi gbàgà, màá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo sì là á gbàgà lóòótọ́. Kàù! Ó há.

Àgbọ̀n mi já síwájú, kò padà. Gbogbo ilé ń dúró dè mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí lásán ló ń jáde. Ọ̀gá Àgbà bá ní, "Ẹ wò ó! Ọ̀rọ̀ yìí ya bàbá lẹ́nu débi pé kò lè pa á dé!" Mo mi orí pé rárá o. Ọ̀gá ní, "Ẹ rí i, ó ń mi orí, àánú ń ṣe é." Mo na ìka sí àgbọ̀n mi, mo na ìka sí Ìyá Ààrò, mo ń fọwọ́ júwe pé obìnrin yìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fóómàn, ìwọ lo fò dìde, ìwọ lo sọ ara rẹ di ògbufọ̀. O ní, "Ó ní ìyá yìí ti fẹ́ gbá òun lẹ́nu rí!" Áà! Fóómàn! Bẹ́ẹ̀ ni itọ́ ń sun lórí àgbọ̀n tí kò mọ nǹkan, ó ń kán sí àyà ẹ̀wù mi, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé atọ́wò sunkún. Ó wà nínú ìwé ìpàdé títí dòní olónìí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti yọ obìnrin náà nídìí ààrò, wọ́n kọ "ẹlẹ́tàn" sínú ìwé rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ká páálí. Ó kọjá níwájú mi, ó wo inú ẹnu mi, ó jáde.

Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó lágbára fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó ki wọ́n bọ ẹnu mi, ó tẹ eyín ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó tì í. Kàù! Ó wọlé. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, mo ti lè sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo bá onímọ́tò jiyàn lọ́nà ilé, kò sí ohun tí mi ò lè sọ. Ilé iṣẹ́ kò sì tíì tì. Kí ló dé tí mi ò padà?

Ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ní bí mo bá sọ pé àgbọ̀n mi ń purọ́, wọ́n á ní láti ọdún wo? Wọ́n á yọ ojú mi lára páálí, wọ́n á gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi, kí wá ni màá jẹ́? Mo ní jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbọ̀n mi há fún wákàtí mẹ́ta. Oṣù mẹ́rìnlá tó kù, èmi ni mo há a. Dókítà, ìyẹn ò sí nínú ìwé tẹ́ ẹ kà fún mi.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe máa ń gbè sẹ́yìn irọ́ nígbà míì. Ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Ààrò kúrò gan-an ni wọ́n tú ààrò fún ẹni tuntun, wọ́n sì bá a tún ìdérí ṣe. Èmi náà ò gba eyín gbọ́ mọ́, mo ń fi ìka ṣẹ́ bísíkíìtì létí kí n tó fi sẹ́nu. Ni ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáa! Gbogbo ayé ní, "Ẹ ò rí i? Àtìgbà tí obìnrin yẹn ti kúrò!" Mo gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi, mo ń mi orí bí àgbà.

Òun sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń ká páálí. Páálí wo? Páálí tí ojú mi wà lára rẹ̀. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán, ojú mi ló ń ká, ojú mi ló ń tò jọ, pẹ̀lú ẹ̀érún lórí àgbọ̀n. Bí ẹlòmíràn bá ni, á fi bírò gún un lójú. Kò bú mi lọ́jọ́ kan. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ bá a bá pàdé ni, "Ẹ nu àgbọ̀n yín." Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, òun nìkan ló ń sọ fún mi. Gbogbo ẹ̀yin tó kù, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa ń jẹ́ kí n rìn kiri bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun níí kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi yí padà. Ẹnu mi dákẹ́, ètè mi kú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà, mo rí aago tẹ́ ẹ dì fún mi sórí tábìlì yẹn, ẹ ṣé, ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi rán mi lọ. Obìnrin yìí kò tan ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí ló gbé wá fún mi, tí mo fi ẹnu mi sọ ọ́ nù. Ẹ dá a padà sídìí ààrò rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ìwé rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ojú mi lára páálí, mo ti fara mọ́ ọn.

Ẹ ń mi orí, sà. Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi orí, a ti rí ohun tí orí mímì fà nílé iṣẹ́ yìí. Ẹ fẹnu sọ ọ́. Nínú gbogbo wa tá a wà níbí, èmi nìkan ni àgbọ̀n ń ṣe.

Ẹ gbọ́? Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀gá Àgbà ní láti ọjọ́ Ajé, ìyá padà sídìí ààrò. Wọ́n ní ìwé yẹn, àwọn á fà á ya, àwọn á sì kọ òmíràn. Ẹ pàtẹ́wọ́! Fóómàn, fi ọwọ́ méjèèjì pa á.

Ìyá Ààrò, ó wá ku èmi àti ẹ̀yin. Mo ṣẹ̀ yín. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, ojo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ gbé makirofóònù fún wọn. Wọn ò gbà á? Wọ́n ní ohùn àwọn tó. Ó dáa, mò ń gbọ́ yín. Hẹn. Hẹn-ẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú tẹ́ ò gbọ́, ohun tí wọ́n sọ nìyí. Wọ́n ní àwọn ò tíì dárí jì mí. Ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe àwọn tó wà níbí ni mò ń bá gbé." Wọ́n ní bàbá àwọn wà nílé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ọjà fún àwọn èèyàn, tí kò fi ìka ti ìwọ̀n rí. Láti ọjọ́ tí bàbá ti gbọ́ pé wọ́n yọ ọmọ òun nídìí iṣẹ́ torí ẹ̀tàn, bí ọmọ bá wọlé, bàbá á yí àga kọjú sí ògiri. Oṣù mẹ́rìnlá, wọn ò jẹun pọ̀. Wọ́n ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ fún bàbá. Wọ́n ní etí bàbá ti di, mo máa ní láti pariwo rẹ̀. Wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ń gbé, fèrèsé mẹ́jọ ló kọjú síra, gbogbo wọn ló sì máa ń ṣí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi. Rárá, ìyàwó mi, kì í ṣe àgbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ń bọ̀. Kì í ṣe lọ́la, mo ti mọ ọ̀la dáadáa. Nísinsìnyí ni. Dókítà, ṣé àgbọ̀n yìí lè pariwo? Ẹ ní kí n má là á ju ìka méjì lọ? Ìka méjì náà tó. Bí bàbá kò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí àga yẹn á fi yí padà. Bó bá há sójú ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ṣì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n súre fún yín kí n máa lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ara yín kò ní tàn yín jẹ. Bó bá sì tàn yín, ẹ óò tètè mọ̀. Ọjọ́ tó bá yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹnu yín kò ní há. Bó bá há, Ọlọ́run má jẹ́ kí fóómàn ṣe ògbufọ̀ yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹni tó ni ín dìde kó wá gbà á, kó má sì pẹ́ tó bí mo ṣe pẹ́. Ilé iṣẹ́ yìí á dúró, ààrò rẹ̀ á gbóná, ẹ óò sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Àmín.

Ẹ bá mi jẹ oúnjẹ tèmi. Ìyá Ààrò, ẹ mú báàgì yín, ẹ ṣáájú, èmi ò mọ ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o.